Àkurakúdà tó ń jẹ koríko

Bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ àkurakúdà, ẹja òǹrorò tó ń fi eyín ya ẹran ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú ìdílé àwọn olórí òòlù tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Sphyrna tiburo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kì í gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, orí rẹ̀ kò sì nà sọ́tùn-ún sósì bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣe ló rí bí ojú ṣọ́bìrì. Etí òkun Amẹ́ríkà títí dé Brazil ló ń gbé, ó sì wà lápá òkun Pàsífíìkì pẹ̀lú.

Orí yìí náà ni wọ́n fi ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo: ti abo yí roboto, ti akọ yọ gọngọ díẹ̀ níwájú. Ihò wínníwínní tó wà lára orí náà ló fi ń mọ iná mànàmáná tíntìntín tó ń jáde lára ẹran tó sá pamọ́ sínú iyanrìn. Akàn ló fẹ́ràn jù. Eyín iwájú rẹ̀ mú ṣáṣá, tẹ̀yìn sì rí pẹlẹbẹ bí ọlọ, òun ló fi ń rún karawun akàn wómúwómú.

Àwọn tó ń la ikùn ẹja yìí ti ń bá koríko inú òkun níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì rò pé ó ṣèèṣì gbé e mì níbi tó ti ń lé akàn ni. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Irvine fi oúnjẹ tí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ koríko bọ́ márùn-ún nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wọn ló sanra sí i! Nǹkan bí ìdajì koríko náà ló dà nínú wọn. Òun ni àkurakúdà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń jẹ ẹran, ó sì ń jẹ ewéko.

Ọmọ ló ń bí, kì í yé ẹyin. Ní December 2001, ọ̀kan bímọ nínú ọgbà ẹranko kan ní Omaha, bẹ́ẹ̀ abo mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, kò sí akọ kankan. Àyẹ̀wò DNA tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ọmọ náà kò ní bàbá rárá. Ó ṣeni láàánú pé ẹja mìíràn ti pa á láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bí i.

Irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìran náà là, nítorí ogún ìyá nìkan ni ọmọ máa ń ní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀n apẹja ti dín wọn kù gidigidi láti Karibíà dé Brazil, tí àjọ IUCN fi kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àparun. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti ń ṣọ́ iye tí wọ́n lè pa, wọ́n ṣì pọ̀.