Gbé Òfìfo Wá, Gba Kíkún: Bí Ọ̀kadà Oníbátìrì Ṣe Ń Rìn ní Kigali

Ọlọ́kadà kì í fi àkókò ṣeré. Gbogbo ìgbà tí kò bá fi gbé èrò, owó ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí bátìrì tó kún? Bátìrì yìí náà ló tún gbówó lórí jù nínú gbogbo ẹ̀yà ara ọ̀kadà oníná. Ìṣòro méjì nìyẹn.

Ní Kigali, olú ìlú Rwanda, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló tú méjèèjì. Láti ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ Ampersand ti ń lò ó níbẹ̀. Ọlọ́kadà ló ni ọ̀kadà, iléeṣẹ́ ló ni bátìrì. Ẹni tó bá ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní kéréètì mọ̀ ọ́n dáadáa: o gbé ìgò òfìfo lọ, o gba kíkún bọ̀, ohun tó wà nínú ìgò lo sanwó rẹ̀.

Bí bátìrì bá fẹ́ tán, ọlọ́kadà yóò yà sí ibùdó pàṣípààrọ̀. Wọn yóò yọ bátìrì náà, wọn yóò wo iye iná tó ti lò, yóò sanwó, wọn yóò sì ki èyí tó kún bọ̀ ọ́. Bí ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀. Wọn yóò fi èyí tí wọ́n yọ sórí iná de ẹlòmíràn.

Nínú ọ̀kadà yìí, kò sí ohun tó ń jó. Iná bátìrì ń gba inú wáyà bàbà tí wọ́n ká jọ, ó sì ń sọ ọ́ di òòfà. Òòfà ń fa òòfà, ó ń ti òòfà, ìyẹn ló ń yí táyà. Níbi tí kò bá ti sí iná tó ń jó, èéfín ò lè rú.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n iléeṣẹ́ nìkan ò tó. Lọ́dún 2021, ìjọba Rwanda yọ owó ibodè àti owó orí ọjà kúrò lórí ọkọ̀ oníná, bátìrì àti ẹ̀yà ara wọn, wọ́n sì dín owó iná kù fún àwọn ibùdó tí bátìrì ti ń gba iná. Ìgbà tó di January 2025 ni wọ́n tó ní àwọn ò ní forúkọ ọ̀kadà akérò tuntun sílẹ̀ mọ́ ní Kigali, àfi oníná. Wọ́n la ọ̀nà ná, kí wọ́n tó ṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń fún bátìrì níná, èéfín ò lọ, ibòmíràn ló ṣí lọ. Odò ló ń pèsè apá tó pọ̀ nínú iná Rwanda; oòrùn lè ṣe é fún wa.

Irú pàṣípààrọ̀ yìí ti dé Cotonou àti Lomé, kò jìnnà sí wa mọ́. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, kí ẹ tó fòfin de ọ̀kadà elépo, ẹ kọ́kọ́ mú owó ibodè kúrò lórí bátìrì.