Epo Tí Òfin Gbà Lórí Pápá Iyọ̀ Bonneville

Lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ohun tó wà nínú táǹkì ọkọ̀ wà lára ohun tó ń pinnu àwọn tí awakọ̀ ń bá díje. Ọdún 1949 ni ẹgbẹ́ Southern California Timing Association, SCTA, kọ́kọ́ ṣe ìdíje eré àsápajúdé tí wọ́n ń pè ní Speed Week níbẹ̀. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ olùdíje fi ń kan ọkọ̀ wọn, kò sì sí ẹ̀bùn owó fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Orúkọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni èrè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ epo fi gbẹgẹ́: bí àkọsílẹ̀ kò bá ṣeé gbà gbọ́, kò sí ohun mìíràn tó kù.

Yàtọ̀ sí ìrísí ọkọ̀ àti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, epo náà tún pín àwọn olùdíje sí ìsọ̀rí. Gas ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Fuel ni wọ́n ń pe èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Gas gbọ́dọ̀ ra bẹntiróòlù lọ́wọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ yàn láti máa tà á lórí pápá, kí aṣojú ẹgbẹ́ sì fi èdìdì de ìdérí táǹkì rẹ̀. Ohun yòówù tó bá yàtọ̀ sí èyí, Fuel ni. Kódà bẹntiróòlù tí ènìyàn rà nílé epo lójú ọ̀nà, bó ti wù kó mọ́ tó, Fuel ni lójú òfin. Ó lè dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n lè yọ́ pò mọ́ epo pọ̀, kò sì rọrùn láti dá gbogbo wọn mọ̀ láàárín aṣálẹ̀. Orísun kan ṣoṣo àti èdìdì ń pa àríyànjiyàn rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ́síjìn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá lè fà sínú ló ń sọ iye epo tó lè jó, pápá Bonneville sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,280 mítà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Bẹntiróòlù tí wọn kò po nǹkan mọ́ kò ní ọ́síjìn nínú: kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Nínú àwọn epo Fuel, methanol ń fẹ́ nǹkan bí 6.4, nitromethane ń fẹ́ 1.7 péré, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ọ́síjìn sára. Lóòótọ́, ooru inú kìlógíráàmù nitromethane kan kò ju bí ìdá mẹ́rin ti bẹntiróòlù lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó jó ìwọ̀n bẹntiróòlù kan lè jó ju ìwọ̀n mẹ́jọ nitromethane lọ, ooru tó ń jáde á sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Methanol ní àǹfààní tirẹ̀: bó ṣe ń di oru, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì tutù, kó sì ki sí i. Òun ni ọkọ̀ Speed Demon ti awakọ̀ George Poteet jó nígbà tó sá máìlì 470.016 ní wákàtí kan lọ́dún 2020. Ewu rẹ̀ kò kéré: iná methanol kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú lọ́sàn-án.

Nitrous oxide ló fi ìtumọ̀ òfin náà hàn jù. Kì í ṣe epo rárá, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ló ń gbé wọ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ọkọ̀ tó bá lò ó ti di ti Fuel, ìbáà jẹ́ bẹntiróòlù ẹgbẹ́ ló rà.

Ẹni tó bá sáré kọjá àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ á gbé ọkọ̀ lọ sí ọgbà tí wọ́n ń ṣọ́, á tún sáré lẹ́ẹ̀kejì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpíndọ́gba eré méjèèjì ni wọn yóò sì kà. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á wọn ẹ́ńjìnnì bó ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á sì wò bóyá èdìdì táǹkì ọkọ̀ Gas ṣì wà bí wọ́n ṣe fi sí i.