Bí Oró Igi Ṣe Di Oògùn Àrùn Jẹjẹrẹ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohun tí ń pa ni lè wo ni sàn, bí a bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó lọ. Ọ̀ràn ibi tí ó yẹ kí ó lọ ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ní ọdún 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kupchan ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde èròjà kan tí wọ́n fà yọ láti inú igi kékeré kan tí a kó wá láti Etiópíà. Maytansine ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ara wa jẹ́ àpapọ̀ ẹyọ wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan a máa pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń dàgbà; ṣùgbọ́n ti jẹjẹrẹ a máa pín láìdáwọ́ dúró. Maytansine a dí ìpín náà lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì a sì kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í fún àwọn aláìsàn, kò mọ sẹ́ẹ̀lì rere yàtọ̀ sí búburú. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú wọn, a sì pa á tì.

Kíún ni igi náà sì ń mú jáde. Ní 1977, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì rí ìbátan rẹ̀ lára kòkòrò àìfojúrí kan. Ní 1980, Corey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard to maytansine fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìlo igi. Ó wá ku bí a ó ti rán an níṣẹ́.

Ọdẹ kì í da oró sí gbogbo igbó. Orí ọfà ni ó ń fi í sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe. Nínú obìnrin márùn-ún tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, bí ẹnì kan ni èròjà HER2 pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rẹ̀. Oògùn trastuzumab a máa lẹ̀ mọ́ HER2. Wọ́n yí oró náà padà díẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ trastuzumab. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá gbé e mì, nígbà náà ni oró ń jáde nínú rẹ̀.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2013. Nínú àwọn obìnrin tí àrùn wọn ti tàn ká, tí a fi oògùn yìí tọ́jú, ìdajì ṣì wà láàyè lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 31. Ti àwọn tí ó gba oògùn mìíràn jẹ́ oṣù 25. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun kékeré fún ìyá ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ó ṣì lè pa ẹ̀dọ̀ lára, kò sì wúlò fún ẹni tí kò ní HER2 púpọ̀. Nítorí náà, kí obìnrin tí ó bá rí kókó ní ọyàn má ṣe pamọ́. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kánkán, kí a sì yẹ irú àrùn rẹ̀ wò, kí a tó yan ọfà.