Bí Ìwé Ìwáṣẹ́ Ṣe Ń Ti Orí Ojúlé Kan Dé Òmíràn

Màmá, ọmọ yín parí ẹ̀kọ́ ní ọgbà UNIOSUN tó wà nílùú wa ní Ìkirè, ó fi ìwé ìwáṣẹ́ sórí ojúlé kan ní íntánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó wá pè é pé inú kọ̀ǹpútà tiwọn làwọn ti rí i. Ta ló gbé e dé ọ̀hún?

Ètò méjì ló pàdé. Ọ̀kan ni ojúlé tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, irú Jobberman tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ mẹ́ta dá sílẹ̀ ní 2009. Èkejì ni èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń to ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, irú èyí tí SeamlessHR ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní API. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ló ń ṣí i.

Ṣíṣí ilẹ̀kùn kọ́ ló le. Kí àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé ló le. Bí ojúlé bá kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ní 03/04/2001, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lọ́dọ̀ wa; lọ́dọ̀ ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní 2001-04-03, bí ìlànà ISO 8601 ṣe là á sílẹ̀.

Orúkọ wa ńkọ́? Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú "ọ́" inú Bọ́lá ju ẹyọ kan lọ. Ètò kan lè mú "ọ" bíi lẹ́tà kan kó tó fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á to lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa, Bọ́lá kan náà ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà lè kà á sí ènìyàn méjì. Ó máa ń dùn mí bí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ní kí a kúkú gé àmì dànù, nígbà tí Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ti ní ìlànà tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fi dòdò Ìkirè rán awakọ̀ sí Ìbàdàn. Ẹni tó gbà á á pè yín pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá jẹ́ kí ìpè yẹn wọlé, ẹ lè rò pé ó sọnù, kí ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́. Bí ètò náà ṣe ń ṣe nìyẹn: tí kò bá gbọ́ èsì, á tún fi ìwé náà ránṣẹ́. Nítorí èyí, ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, kí ẹni tó ti rí nọ́ńbà náà rí lè dáhùn pé "mo ti gbà á", láìṣí fáìlì tuntun. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ọmọ yín á dà bí ẹni tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì lè torí ẹ̀ kọ̀ ọ́.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń fi sẹ́yìn ni ìparẹ́. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, fún ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ìwé òun rẹ́. Tó bá pa á rẹ́ lórí ojúlé, ìròyìn náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí ìwé gbà lọ, títí dé inú kọ̀ǹpútà agbanisíṣẹ́. Tí ẹni tó ń so ètò méjèèjì pọ̀ ò bá ti là á sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìwé náà á wà l'Ékòó, ọmọ yín á sì rò pé ó ti lọ.