Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Baba Ńlá Tó Jẹ́ Àgbẹ̀

Àgbẹ̀ tó gbé ayé ní Òkukù, Ìnísà tàbí Ìkìrun ní nǹkan bí ọdún 1870 kò kọ ìwé sílẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹnu àwọn obìnrin ilé ló sì wà. Òun ni Karin Barber tẹ̀lé ní Òkukù kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ ọdún. Orúkọ ló ń ràn wá lọ́wọ́: Ogun Jálumi jà ní Ìkìrun ní 1878, ará Òkukù sì sá lọ síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lójú ọ̀nà lè máa jẹ́ Abíọ́nà. Ẹ dé oko pẹ̀lú, kí ẹ wo pérégún tó wà lálà. Ẹ tètè lọ o! Àwọn ìyá tó mọ oríkì wọ̀nyí ń dín kù.