Ipa Síńkì àti Kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lórí Ọ̀nà Pọ̀táṣíọ̀mù Sẹ́ẹ̀lì T

Ní ọdún 1984 ni DeCoursey àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀nà tí pọ̀táṣíọ̀mù ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì T, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ènìyàn. Kv1.3 ni a wá ń pe ọ̀nà náà. Pọ̀táṣíọ̀mù tí ń jáde ni kì í jẹ́ kí fóltéèjì inú sẹ́ẹ̀lì ga. Èyí ló ń fa kálíṣíọ̀mù wọlé láti jí sẹ́ẹ̀lì sí iṣẹ́.

Síńkì àti kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lè dín ìṣàn yìí kù, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà dí. Síńkì tí ó wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì a máa mú kí ilẹ̀kùn ọ̀nà náà nílò fóltéèjì tí ó ga sí i kí ó tó ṣí. Kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a bá fi kún ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì a sì máa mú kí ó lọ́ra láti ṣí. TEA ni ó ń dí ojú ihò gan-an.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi fóltéèjì kan ṣoṣo wọn ìṣàn lè ka ilẹ̀kùn tí ó lọ́ra sí ọ̀nà tí ó dí. Àṣìṣe náà kò kéré, nítorí Kv1.3 wà lára ohun tí àwọn olùwádìí oògùn ń lépa fún àrùn tí ẹ̀ṣọ́ ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Oríṣiríṣi fóltéèjì ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n, kí a sì ṣírò àkókò tí ilẹ̀kùn fi ṣí.