Ìbejì Igbó-Ọrà àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Yunifásítì

Àwọn baba wa a máa wí pé abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní yunifásítì nísinsìnyí, tí ó ń kọ́ ìṣègùn, tàbí iṣẹ́ agbẹ̀bí, tàbí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Bí ó bá wálé ní àkókò ìsinmi, ó lè ka orúkọ egungun àti iṣan fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwa ń fẹ́ kí ẹ bi í ní ohun méjì: Báwo ni a ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí? Báwo ni ìwọ yóò sì ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ àgbà kí ó lè yé e?

Kò sí ibi tí ìbéèrè méjèèjì yìí ti ṣe pàtàkì tó inú ẹ̀kọ́ nípa oyún níní àti ọmọ bíbí. Níbẹ̀ ni àròsọ pọ̀ sí jù, níbẹ̀ ni ìtìjú ti ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, níbẹ̀ pẹ̀lú sì ni a ti ń di ẹ̀bi ru ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ibadan dá iṣẹ́ ìlera kan sílẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè máa lọ gbé ní Igbó-Ọrà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì mọ àìsàn bí ó ti rí nínú ilé àti nínú oko, kì í ṣe lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn nìkan. Ìlú yìí kan náà ni òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé nítorí ìbejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa ni. Olùkọ́ rere kò ní fi ìdáhùn yìí ṣe ẹlẹ́yà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. A yin àwọn ará Bèréà nítorí pé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá, wọ́n wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Èkíní, a ó kọ́ ọmọ náà láti kà. Pé a rí ìbejì mẹ́ta ní agboolé kan kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. A gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìbímọ, kí a tó mọ iye tí ó jẹ́ ti ìbejì nínú wọn. Èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n P. P. S. Nylander ti Ibadan ṣe ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ ní agbègbè yìí, ó tó 45 tí ó jẹ́ ìbejì. Ní ilẹ̀ Japan ní àkókò náà, iye wọn kò tó 10.

Èkejì, a ó kọ́ ọ láti ya ohun tí ó jọra sọ́tọ̀. Irú ìbejì méjì ni ó wà. Ẹyin kan ṣoṣo lè pín sí méjì nínú ìyá. Àwọn wọ̀nyí ni a kì í fi ojú mọ̀ yàtọ̀. Ẹyin méjì sì lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di ọmọ. Irú ti ìṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní orílẹ̀-èdè gbogbo, bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú 1,000. Ti ìkejì ni ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè náà ti wá dín kù: èéṣe tí ẹyin méjì fi ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọ̀pọ̀ obìnrin wa? Ní ọdún 1973 Nylander fi hàn pé oje kan tí ń mú ẹyin gbó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ń bí ìbejì ju ti àwọn mìíràn lọ. Níti iṣu àti ilasa, ẹ̀rí kò tíì fi ìdí wọn múlẹ̀. Ẹni tí yóò dán an wò gbọ́dọ̀ fi àwọn tí ń jẹ wọ́n wé àwọn tí kò jẹ wọ́n, kí ọjọ́ orí wọn àti iye ọmọ tí wọ́n ti bí sì bára mu, nítorí ohun méjèèjì yìí náà a máa mú ìbejì pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta, a ó kọ́ ọ láti kọ òtítọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe pé kò rí ohun tí ó ń wá. William Harvey, oníṣègùn Ọba Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la inú ọ̀pọ̀ abo àgbọ̀nrín ọba láti wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, kò sì rí i nínú ilé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gùn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1651, ó kọ àìrí náà sílẹ̀ gbangba. Ní ọdún 1827 ni Karl Ernst von Baer tó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí ẹyin nínú ajá. Ẹyin obìnrin kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè to bí mẹ́wàá sí ara wọn kí wọ́n tó gùn tó mìlímítà kan. Bí Harvey bá ti parọ́ pé òun rí i, àwọn tí ó tẹ̀lé e ì bá ti ṣìnà.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí a ń gbàgbé jù, ni sísọ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Oyún ìbejì léwu ju oyún ọmọ kan lọ: àwọn ọmọ a máa tètè wá ṣáájú ọjọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà púpọ̀ lára ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Àǹfààní wo ni ó wà níbẹ̀ bí ìmọ̀ yìí bá wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní Ibadan, tí aboyún tí ń gbé nítòsí kò sì gbọ́ pé ó yẹ kí òun tètè lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí?

Ẹ wo ọ̀ràn mìíràn pẹ̀lú. Títí di òní a ń rí ọkọ tí ń bínú sí aya rẹ̀ nítorí pé obìnrin nìkan ni ó ń bí. Láti ọdún 1905 ni Nettie Stevens ní Amẹ́ríkà ti wo àtọ̀ kòkòrò kékeré kan tí ń gbé inú ìyẹ̀fun, tí ó sì fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ akọ ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lára ènìyàn: àtọ̀ bàbá ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Àti níti àìrọ́mọbí, nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ara ọkọ ni ìdí rẹ̀ wà, tàbí ara àwọn méjèèjì. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí a ti mọ ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ omijé àwọn aya kò tíì gbẹ, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ kò sọ ọ́ ní èdè tí ó wọ inú ilé.

Nítorí náà àwa ń rọ àwọn olùkọ́ yunifásítì pé kí wọ́n mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwádìí rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀kan ní Yorùbá fún àwọn tí ó jókòó ní ìta ilé-ìwòsàn, kí ó sì kọ́ láti tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin kí ó tó bi í ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, bí ọmọ yín bá wálé, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wàásù ìmọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí ó bá ní kò sí Yorùbá rẹ̀, ẹ má gbà fún un. Ẹ bá a wá a. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.